27 Ọ́gọ́ọ̀sì: Ọjọ́ Kan, Ọ̀pọ̀ Ìtàn

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn tó ti parí Ìwé Kìn-ín-ní sọ ní kíláàsì àgbà, ní Òṣogbo àti ní Iléṣà)

  A mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín kí ẹ tó wá jókòó síbí. Ẹni tó ti fi gbogbo ọ̀sán ná ọjà, tàbí tó ti gún iyán fún ará ilé kí ó tó jáde, tó tún wá mú bírò lọ́wọ́ lálẹ́, ó yẹ kí a kí i kú ìfaradà. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kò le. Ọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ ni.

Ìyá kan ní kíláàsì wa ló fa ọ̀rọ̀ náà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, a ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún sí orí lẹ́tà. Ìyá yìí nawọ́ sókè, ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo gan-an ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀?"

A ní, "Ìyá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Ó ní, "Ọjọ́ yẹn ni mo bí àkọ́bí mi. Wọ́n ṣì ń wẹ ọmọ lọ́wọ́ nígbà tí rédíò ará ilé kejì kéde pé àwa náà ti ní ìpínlẹ̀ tiwa. Ariwo ayọ̀ ta. Mo rò pé ọmọ mi ni wọ́n ń yọ̀ fún! Ṣùgbọ́n n kò mọ̀wé nígbà náà, n kò kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo mú un lọ sílé-ìwé, wọ́n bi mí ní ọjọ́ ìbí rẹ̀, n kò lè dáhùn. Wọ́n bá kọ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní fún un. Ọjọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ ló fi ń ṣe ọjọ́ ìbí láti ìgbà náà."

Kíláàsì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. A ní kí àwọn tó mọ ọjọ́ tí a bí wọn nawọ́. Ọwọ́ tó dìde kò pọ̀.

A wo ìwé, a sì rí ohun tí ìyá ń wá: ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ, ọdún 1991. Ìyẹn ni 27 Ọ́gọ́ọ̀sì 1991. Bí a sì ṣe ń wá ọjọ́ kan yìí fún ìyá, bẹ́ẹ̀ ni a ń bá ìtàn mìíràn pàdé, tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kan náà ní ọdún mìíràn àti ní ilẹ̀ mìíràn. A ní kí a kó wọn jọ kí a sọ wọ́n fún yín. Ẹ óò rí ìdí rẹ̀ kí a tó parí.

Bí àwọn bàbá wa ṣe ń ka ọjọ́

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn bàbá wa kò mọ ọjọ́ í kà. Ó tì o! Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ wọn: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Ifá, ọjọ́ Ògún àti ọjọ́ Ṣàngó. Wọ́n ń pè é ní ọrún, nítorí pé wọ́n ń ka ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ọjà mìíràn ń ná lọ́rọọrún, ẹgbẹ́ mìíràn ń pàdé ní ìtàdógún. Òwe wọn ni pé, "Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá lọ́rọọrún."

Wọ́n mọ ìgbà ọdún pẹ̀lú. Ará Òṣogbo mọ ìgbà tí a ó tan àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún, wọ́n sì mọ ọjọ́ tí arugbá yóò ru igbá lọ sí etí odò Ọ̀ṣun. Oṣù kẹjọ yìí kan náà ni ọdún náà sábà máa ń bọ́ sí. Ará Iléṣà mọ ìgbà ọdún Ògún. Kò sí kàlẹ́ńdà lára ògiri, síbẹ̀ ọdún kì í kọjá wọn.

Wọ́n tilẹ̀ ń fi ọjọ́ sọ ọmọ lórúkọ. A bí ọmọ ní ọjọ́ ọdún, ó di Abíọ́dún. A bí i ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀, ó di Abọ́sẹ̀dé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi Abíọ́dún pé, "Ọdún wo? Ọdún Ọ̀ṣun ni, àbí ọdún Iléyá, àbí Kérésìmesì?" Bóyá ìyá rẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Bí ọ̀rọ̀ bá kan iye ọdún ńkọ́? Wọ́n á ní, "Ọdún tí réluwè dé Òṣogbo ni a bí mi." Ẹni tó bá mọ̀ pé 1907 ni réluwè dé Òṣogbo lè ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á kàn mi orí. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà sì rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ní 17 Jánúárì 1955. Ọ̀pọ̀ ọmọ kò ní ìwé ìbí. Kí ni tíṣà ṣe? Ó ní kí ọmọ gbé apá ọ̀tún kọjá lórí, kí ó fi ọwọ́ kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá kan etí, ọmọ ti tó ọdún mẹ́fà nìyẹn! Ọmọ tí apá rẹ̀ gùn wọlé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí apá rẹ̀ kúrú padà sílé pẹ̀lú ẹkún.

Ẹ wò ó, àwọn bàbá wa mọ ọjọ́ í kà. Kíkọ ọ́ sílẹ̀ ni kò sí. Orí ni ìwé wọn. Nígbà tí àgbà bá sì kú, ìwé náà bá a wọ ilẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tí a bí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọjọ́ tí ìyá wa ń wá. Ní 27 Ọ́gọ́ọ̀sì 1991, Ọ̀gágun Ibrahim Babangida, tó jẹ́ olórí ìjọba ológun Nàìjíríà nígbà náà, kéde ìpínlẹ̀ tuntun mẹ́sàn-án. Orúkọ wọn ni Abia, Delta, Enugu, Jigawa, Kebbi, Kogi, Ọ̀ṣun, Taraba àti Yobe. Ìpínlẹ̀ 21 ni Nàìjíríà ní tẹ́lẹ̀. Wọ́n di 30 lọ́jọ́ yẹn. Ìgbà tó di 1 Òkítóbà 1996 ni wọ́n tó di 36.

Ara Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti gé Ọ̀ṣun, Òṣogbo sì di olú-ìlú rẹ̀. Kí lèyí já mọ́ fún àwa mẹ̀kúnnù? Ẹ rántí pé nígbà tí ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn wà lódidi, Ìbàdàn ni ìjọba wà. Nígbà tó di Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ní 1967, Ìbàdàn náà ni. Nígbà tí wọ́n tún dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀ ní 3 Fẹ́búárì 1976, Ìbàdàn kan náà ni. Ará Iléṣà tó bá fẹ́ béèrè owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ á jí ní ìdájí, á wọ mọ́tò tí yóò rìn ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ kí ó tó dé Agodi. Bí ẹni tó fẹ́ rí kò bá sí lórí ìjókòó, ó di kí ó sun ìlú onílùú, tàbí kí ó padà sílé ní òfo. Láti Iléṣà sí Òṣogbo kò ju bí ọgbọ̀n kìlómítà lọ. Ẹni tó bá lọ láàárọ̀ lè jẹ iyán ọ̀sán nílé.

A kò sọ pé gbogbo ìṣòro tán lọ́jọ́ náà. Dídá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ nìkan kì í gún iyán sínú àwo. Ṣùgbọ́n ìjọba tó súnmọ́ni, a rọrùn láti bá sọ̀rọ̀, a sì rọrùn láti bi léèrè.

Ní ọjọ́ náà gan-an, ní ọdún náà gan-an, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní ilẹ̀ Yúróòpù, Moldova, kéde òmìnira rẹ̀ kúrò lábẹ́ ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì. Wọn kò mọ̀ wá, àwa náà kò mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan náà ni àwa àti wọn jọ ń jó.

Nígbà tí a ka ọjọ́ náà fún ìyá wa, a bi í pé, "Ìyá, ṣé ọjọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀ gan-an ni, àbí ọjọ́ kejì tí àwọn èèyàn ń jó kiri ìgboro?" Ó ní, "Ọjọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀ ni. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, nítorí ọjọ́ Ajé tó ṣáájú ni ìrọbí mú mi."

Ẹ wá wo bí a ṣe yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọdún tí oṣù kejì bá ní ọjọ́ 28, ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tí ọdún tuntun bá bọ́ sí ni 27 Ọ́gọ́ọ̀sì náà máa bọ́ sí, nítorí pé ọ̀sẹ̀ 34 géérégé ló wà láàárín wọn. Bí oṣù kejì bá ní ọjọ́ 29, ẹ fi ọjọ́ kan kún un. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni 1 Jánúárì 1991. Nítorí náà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni 27 Ọ́gọ́ọ̀sì ọdún náà. Ọ̀rọ̀ ìyá bá ìwé mu, ìwé bá ọ̀rọ̀ ìyá mu. Bí a ti í wádìí ọjọ́ nìyẹn: a kì í fi ẹ̀rí kan ṣoṣo parí rẹ̀.

Ọjọ́ kan náà ní 1985

Ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn ní ọdún mẹ́fà. Ní 27 Ọ́gọ́ọ̀sì 1985, tó tún bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Babangida àti àwọn ológun ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìjọba lọ́wọ́ Ọ̀gágun Muhammadu Buhari. Buhari fúnra rẹ̀ wọlé nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Alhaji Shehu Shagari ní 31 Dìsẹ́ńbà 1983. Ẹ rí i pé ọjọ́ tí Babangida pé ọdún mẹ́fà lórí oyè ló kéde ìpínlẹ̀ wa. Nígbà tó sì di 26 Ọ́gọ́ọ̀sì 1993, lẹ́yìn tó ti fagi lé ìbò 12 Júùnù tí Olóyè M.K.O. Abíọ́lá borí, ó fi ipò sílẹ̀. Ó ku ọjọ́ kan péré kí ó pé ọdún mẹ́jọ.

Ẹni tó bá mọ ọjọ́ wọ̀nyí á rí bí ọ̀rọ̀ kan ṣe so mọ́ èkejì. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n á kàn máa sọ pé, "Ìgbà àwọn sójà ni."

Ogun tí kò tó wákàtí kan

Ẹ bá wa lọ sí ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà, sí erékùṣù Zanzibar. Ní 25 Ọ́gọ́ọ̀sì 1896, ọba ibẹ̀, Sultan Hamad bin Thuwaini, wàjà. Ìbátan rẹ̀ kan, Khalid bin Barghash, wọ ààfin, ó ní òun ni ọba. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn kò fẹ́ ẹ, kí ó jáde kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ 27 Ọ́gọ́ọ̀sì tó lù. Kò jáde. Bí aago mẹ́sàn-án ti kọjá díẹ̀, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu ààfin. Ààfin wó, iná sọ. Khalid sá lọ sí ilé aṣojú ìjọba Jámánì. Ogun parí. Ìṣẹ́jú 38 ni ọ̀pọ̀ ìwé kà á sí, àwọn mìíràn ní 45. Bí ẹ bá gbé iyán kaná, ó lè máà tíì jinná! Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín: nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta èèyàn (500) ló kú tàbí tó fara gbọgbẹ́ nínú ààfin. Nínú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kan ṣoṣo ló fara gbọgbẹ́.

Àwa ọmọ Ìjẹ̀ṣà mọ ogun tó gùn. Ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ jà, bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kò sì parí pátápátá àfi ní 1893. Ọdún mẹ́rìndínlógún! Ẹ̀bá Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìgbájọ ni wọ́n pàgọ́ sí, Ògèdèǹgbé ará Iléṣà sì ni ọ̀gágun Èkìtì Parapọ̀. Ọmọ tí a bí nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ti dàgbà tó láti ru ẹrù ogun kí ó tó parí. Ní 23 Sẹ̀tẹ́ńbà 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà. Ẹ fi ọjọ́ yẹn sọ́kàn. Ọjọ́ tí ìbọn kọ́kọ́ dún ní Kírìjì, ṣàṣà ni ẹni tó lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ àlàáfíà wà nílẹ̀ títí di òní, nítorí pé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé.

Epo inú àtùpà

Ní 27 Ọ́gọ́ọ̀sì 1859, ní Titusville, ìlú kan ní Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Edwin Drake ń gbẹ́ ilẹ̀ láti wá epo. Àwọn ará ibẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ta ló ń gbẹ́ ilẹ̀ wá epo bí ẹni ń gbẹ́ kànga? Ọjọ́ Sátidé ni. Nígbà tí ihò náà jìn dé ẹsẹ̀ bàtà 69 àtààbọ̀, wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n lọ sílé. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n bá epo tó ń léfòó nínú ihò.

Mọ́tò kò tíì sí láyé nígbà náà. Kí ni wọ́n wá fẹ́ fi epo ṣe? Àtùpà ni. Kẹrosíìnì ni wọ́n ń yọ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà, ẹ rántí àtùpà elépo òyìnbó tí a fi ń kàwé ní kíláàsì alẹ́ àtijọ́, tí èéfín rẹ̀ ń sọ ihò imú di dúdú kí ilẹ̀ tó mọ́. Iṣẹ́ irú èyí tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní Titusville ni àwọn bàbá yín fi rí ojú ìwé. Ní orílẹ̀-èdè tiwa, ọdún 1956 ni wọ́n tó rí epo tó pọ̀ tó títà ní Oloibiri, ní agbègbè Niger Delta.

Ẹ̀yin tí wọ́n ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ nílé pé, "Àgbàlagbà, kí lẹ fẹ́ fi ìwé ṣe?" ẹ rántí Drake.

Ẹni tí a bí àti àwọn tó kú

Ní 27 Ọ́gọ́ọ̀sì 1908, wọ́n bí ọmọ kan ní ìgbèríko Texas ní Amẹ́ríkà. Wọ́n sọ ọ́ ní Lyndon Baines Johnson. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó ṣe tíṣà fún àwọn ọmọ tálákà tí àwọn òbí wọn ti Mexico wá, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Cotulla. Ó di ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1963.

Ní 27 Ọ́gọ́ọ̀sì ọdún 1963 náà, àgbà ọ̀mọ̀wé kan kú ní Accra, ní ilẹ̀ Gánà. W.E.B. Du Bois lorúkọ rẹ̀, ẹni ọdún 95 ni. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Harvard, ní 1895. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi jà pé kí a má ṣe fi àwọ̀ ara rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ní 1961 ni Kwame Nkrumah pè é wá sí Gánà, kí ó wá kọ ìwé ńlá nípa gbogbo Áfíríkà. Ẹnu iṣẹ́ náà ni ikú bá a. Ní ọjọ́ kejì, 28 Ọ́gọ́ọ̀sì, ju ọ̀kẹ́ mẹ́wàá (200,000) èèyàn lọ péjọ sí Washington láti béèrè ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Ibẹ̀ ni Martin Luther King ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kéde fún èrò pé bàbá àgbà ti lọ.

Kí ló so ẹni tí a bí yìí mọ́ ẹni tó kú yìí? Ẹ gbọ́ ná. Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan ní gúúsù Amẹ́ríkà, aláwọ̀ dúdú kò lè dìbò àfi bí ó bá yege nínú ìdánwò ìwé kíkà. Wọ́n á gbé òfin tó le síwájú rẹ̀, wọ́n á ní kó kà á kó sì túmọ̀ rẹ̀. Ẹni tí wọn kò jẹ́ kó lọ sílé-ìwé ńkọ́? Kò ní dìbò. Ẹni tó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n kà pàápàá, wọ́n lè ní kò yege. Johnson, tíṣà àná, ló fọwọ́ sí òfin tó dá ìdánwò náà dúró, ní 6 Ọ́gọ́ọ̀sì 1965. Ẹ rí bí àìmọ̀wé ṣe lè di okùn tí wọ́n fi ń so èèyàn mọ́lẹ̀. Ní tiwa níhìn-ín, kò sí òfin tó ní kí aláìmọ̀wé má dìbò. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè ka orúkọ inú ìwé ìbò, ojú ẹlòmíràn ló fi ń wò ó.

Ẹnì kan tún wà. Ní 27 Ọ́gọ́ọ̀sì 1975, Ọba Haile Selassie ti ilẹ̀ Etiópíà kú ní Addis Ababa. Láti 1930 ló ti wà lórí ìtẹ́, ní ìlú rẹ̀ ni àwọn olórí Áfíríkà sì ti dá Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà sílẹ̀ ní 25 May 1963. Àwọn ológun ló rọ̀ ọ́ lóyè ní Sẹ̀tẹ́ńbà 1974. Wọ́n kéde ọjọ́ ikú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi ibi tí wọ́n sin ín sí pamọ́. Ọdún 1992, lẹ́yìn tí àwọn ológun náà ti lọ, ni wọ́n tó rí egungun rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ ọgbà ààfin. Ní 2000 ni wọ́n tó sin ín bí ó ṣe yẹ.

Ìwé inú àpótí

Ẹ̀yin lè ní, "Tíṣà, ọ̀rọ̀ àwọn ọba àti ààrẹ lẹ ń sọ. Kí ló kan àwa?" Ó dára. Ẹ jẹ́ kí a sọ ti ẹnì kan tó jókòó pẹ̀lú wa ní kíláàsì Iléṣà. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a sọ ọ́. A kò ní dárúkọ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gba bàbá yìí síṣẹ́, akọ̀wé bi í ní ọdún tí a bí i. Ó ní òun kò mọ̀. Akọ̀wé wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀, ó rí ewú díẹ̀ lórí rẹ̀, ó bá kọ 1942. Bàbá fi àtàǹpàkò tẹ ìwé. Nígbà tó di 2002, wọ́n kọ̀wé sí i pé ó ti pé ọgọ́ta ọdún, kí ó máa lọ sílé. Ara rẹ̀ ṣì le. Méjì nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà nílé-ìwé. Ó bẹ̀bẹ̀ títí. Wọ́n ní, "Bàbá, àtàǹpàkò yín nìyí, ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́." Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà fi ilé-ìwé sílẹ̀.

Ní ilé bàbá yìí, àpótí kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bíbélì àtijọ́ kan wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi aṣọ wé. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tó mọ̀wé, ló ni ín. Nígbà tí onítọ̀hún kú, wọ́n tọ́jú Bíbélì náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìní ìdílé. Lọ́dọọdún, wọ́n á mú un jáde, wọ́n á nù ún, wọ́n á tún dá a padà. Kò sí ẹni tó lè kà á.

Nígbà tí bàbá ti lo ọdún kan ní kíláàsì wa, ó ní òun fẹ́ dán ojú òun wò. Ó ṣí Bíbélì náà. Ní ojú ìwé tó gbẹ̀yìn, ó rí ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀: "Lónìí, ọjọ́ Ìsinmi, 14 Máàṣì 1948, ìyàwó àbúrò mi bí ọmọkùnrin." Orúkọ ọmọ náà tẹ̀ lé e. Orúkọ tirẹ̀ ni.

Bàbá kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gbé e wá sí kíláàsì, ó ní kí a bá òun kà á, bóyá ojú òun ló tàn òun. Kò tàn án. Láti 1942 sí 1948 jẹ́ ọdún mẹ́fà. Owó oṣù ọdún mẹ́fà, ilé-ìwé ọmọ kan, gbogbo rẹ̀ ti lọ. Ìwé ti ń sọ òtítọ́ nínú àpótí láti 1948. Ẹni tí yóò gbọ́ ọ ni kò sí nílé.

Bàbá sọ fún wa pé, "Ẹ sọ fún àwọn tó kù. Tèmi ti kọjá, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ-ọmọ mi, èmi ni mo ń kọ ọjọ́ ìbí wọn."

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣe

Ẹ̀yin ará wa, ìdí ọ̀rọ̀ wa rèé. Ẹ ti mọ̀wé báyìí. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ máa kọjá láìkọ.

Èkíní, ẹ ra ìwé kan tó nípọn. Kí ẹ kọ orúkọ gbogbo ọmọ inú ilé sínú rẹ̀, ọjọ́, oṣù, ọdún àti ibi tí a bí wọn. Ẹ fi hàn ju ẹnì kan lọ, kí ó má bàa di ìwé inú àpótí.

Èkejì, ìwé ilé kò tó. Òfin tó jáde ní 1992 ní kí a forúkọ ọmọ sílẹ̀ kí ọgọ́ta ọjọ́ tó kọjá lẹ́yìn tí a bí i. Àjọ Ètò Ìkànìyàn ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí, kí ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n bá ṣì í kọ, ẹ sọ ọ́ níbẹ̀. Ẹ má tún fi àtàǹpàkò tẹ ohun tí ẹ kò kà mọ́ láéláé.

Ẹ̀kẹta, ẹ bi àwọn àgbà léèrè nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé. Bí ìyá yín bá ní ọjọ́ tí ohun báyìí ṣẹlẹ̀ ni òun bí yín, ẹ wádìí ohun náà bí a ti wádìí ti ìyá wa. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ irọ́. Àwọn kan ń gé ọjọ́ orí wọn kúrú kí wọ́n lè pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Irọ́ kò yàtọ̀ sí àìmọ̀wé: méjèèjì ni kì í jẹ́ kí ìwé wúlò.

Ẹ̀kẹrin, ọjọ́ kì í ṣe ti ìbí nìkan. Ẹ rántí àwọn òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọn kò ní dìde àfi bí owó bá tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Ohun tó mú ẹnu wọn le ni pé wọ́n mọ ọjọ́ tí wọ́n gbé aṣọ sílẹ̀ àti ọjọ́ tí oníbàárà ní òun yóò san. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà láwìn, tí ẹ ń dá èsúsú, tí ẹ ń gba ilẹ̀ oko, ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí a kọ kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Ìyá tó fa ọ̀rọ̀ yìí ti kọ tirẹ̀. Ó mú bírò, ó sì kọ ọ́ sí iwájú ìwé rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀: 27 Ọ́gọ́ọ̀sì 1991. 9 kìíní yí sẹ́yìn díẹ̀, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Nígbà tó parí, ó ní, "Ọmọ mi ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Òní ni mo tó fún un ní ọjọ́ rẹ̀."

A kí i kú oríire. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ̀yin náà rí tiyín kọ. 

Iṣẹ́ ilé

1. Kọ ọjọ́ òní sílẹ̀: ọjọ́ ọ̀sẹ̀, ọjọ́ oṣù, oṣù àti ọdún.
2. Ìpínlẹ̀ mélòó ni Nàìjíríà ní lẹ́yìn 27 Ọ́gọ́ọ̀sì 1991? Dárúkọ márùn-ún nínú àwọn tuntun.
3. Kí nìdí tí bàbá inú ìtàn fi pàdánù ọdún mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́?
4. Bi àgbà kan nílé léèrè nípa ọjọ́ pàtàkì kan tó rántí. Kọ ohun tó sọ sílẹ̀, kí o sì mú un wá sí kíláàsì.